Iṣẹ́, Eré Ìmárale àti Eré Ọwọ́dilẹ̀: Eku Mẹ́ta Tí À Ń Lé Lójoojúmọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá lé eku méjì yóò pa òfo. Bí ọ̀rọ̀ náà bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ká ti wí nípa àwa ọ̀dọ́ òde òní tó jẹ́ pé eku mẹ́ta là ń lé láti òwúrọ̀ títí di alẹ́? Èkíní ni iṣẹ́ tí a fi ń jẹun. Èkejì ni ara tí a fẹ́ kó le, kí ikùn má yọ ju àyà lọ, kí a má sì máa mí hẹlẹ nígbà tí a bá gun àtẹ̀gùn ilé alájà méjì. Ẹ̀kẹta ni ohun kékeré kan tí ọkàn wa fẹ́ràn, tí ẹnikẹ́ni kò rán wa níṣẹ́ rẹ̀: orin, ìwé kíkà, aṣọ híhun, ayò títa, ewébẹ̀ gbígbìn ní ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, eku èkíní ti jẹ ọjọ́ náà tán. Àwọn méjì yòókù a sì di ọ̀rọ̀ ọ̀la.

Àìtó wákàtí wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni ìṣòro náà. Ohun tí mo ṣàkíyèsí lára ara mi àti lára àwọn ọ̀rẹ́ mi ni pé a ti sọ ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di irú kan náà. A sọ eré ìmárale di iṣẹ́, a sọ eré ọwọ́dilẹ̀ di òwò, a sì tún ń retí pé kí àwọn méjèèjì wo ọgbẹ́ tí iṣẹ́ gan-an dá sí wa lára sàn.

Iṣẹ́ tí kì í dágbére

Iṣẹ́ ìtumọ̀ àti iṣẹ́ ìwé kíkọ ni mo ń ṣe, ní ìlú Ìbàdàn, nínú yàrá tí mo ń sùn. N kò ní ọ̀gá kan pàtó. Oníbàárà ni mo ní. Ẹni tó bá gbọ́ èyí a máa rò pé ayé ìrọ̀rùn ni mo ń jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé tí oníbàárà ti ń ṣèlérí láti ọjọ́ Ajé, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni yóò dé, wọn yóò sì fẹ́ gbà á kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mìíràn tó mọ́. Àmì ohùn tí mo fi sí ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a yọ ọ́ kúrò nítorí pé kò bá ẹwà ojú ìwé wọn mu, tí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ yóò fi di ọ̀kan ṣoṣo. Ní àìpẹ́ yìí, àwọn mìíràn a ní ẹ̀rọ ti túmọ̀ ìwé náà tán, kí n ṣáà bá wọn fojú wò ó, ìdá kan nínú mẹ́rin owó mi ni wọn yóò sì san. Bẹ́ẹ̀ ni títún ohun tí ẹ̀rọ bàjẹ́ ṣe a máa gba àkókò ju kíkọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń gba owó oṣù ní ẹjọ́ tiwọn láti rò. Ọ̀kan nínú wọn ń gbé Ìkòròdú, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó. Afárá Third Mainland tí wọ́n ṣí ní 1990 kò gùn tó kìlómítà 12, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí sún kẹrẹ fà kẹrẹ ọkọ̀ bá pọ̀, ó lè lo wákàtí méjì lórí rẹ̀ nìkan. Ó ti kúrò nílé kí àkùkọ tó kọ, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì ti sùn kó tó wọlé. Tí ẹnì kan bá sọ fún un pé kó máa sáré ìmárale, ẹ̀rín ló máa ń rín.

Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe àlàyé irú àárẹ̀ yìí nínú ìwé tí wọ́n fi ń to àwọn àìsàn àti ohun tó jẹ mọ́ ìlera lẹ́sẹẹsẹ. Wọn kò pè é ní àìsàn. Wọ́n ní ohun tí iṣẹ́ ń fà ni, nígbà tí wàhálà ibi iṣẹ́ bá pẹ́ lọ́rùn ẹni láìsí àmójútó. Àmì mẹ́ta ni wọ́n tọ́ka sí: okun a tán nínú ẹni, ọkàn a jìnnà sí iṣẹ́ náà tàbí kó máa kórìíra rẹ̀, ọwọ́ tí a fi ń ṣe é dáadáa tẹ́lẹ̀ a sì rọ. Nígbà tí mo kà á, mo rí i pé orúkọ ohun tó ti ń bá ọ̀pọ̀ nínú wa jẹun láti ọjọ́ pípẹ́ ni mo ń kà. Àárẹ̀ yìí kì í dúró sí ibi iṣẹ́ kó dágbére. A máa bá wa wọ ọkọ̀, a máa bá wa jókòó ti oúnjẹ alẹ́, a sì máa yọjú lórí fóònù ní aago mọ́kànlá òru.

Ìdí tí àwọn baba ńlá wa kò fi wá jíìmù

Ìjà tó wà láàárín iṣẹ́, ara àti eré kò le báyìí ní ayé àtijọ́. Ẹni tó ti kọ ebè láti òwúrọ̀, tó ru iṣu láti oko dé ilé, tàbí tó gún iyán fún agbo ilé kan, kò nílò ẹni tí yóò ní kó wá gbé irin. Iṣẹ́ rẹ̀ náà ni eré ìmárale rẹ̀. Eré sì ní àyè tirẹ̀: ayò lábẹ́ igi nígbà tí wọ́n bá ti oko dé, àlọ́ àti eré òṣùpá lálẹ́, ìjàkadì nígbà ọdún. Ẹ wo orúkọ tí èdè wa fún un, eré ọwọ́dilẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ gbà pé àsìkò kan wà tí ọwọ́ ènìyàn gbọ́dọ̀ dilẹ̀. N kò sọ pé ayé wọn rọrùn. Oko ríro kì í ṣe ohun àwàdà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìjókòó ni iṣẹ́ tiwa, nítorí náà a ní láti dìde lọ wá ohun tí àwọn bá lẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Òṣùwọ̀n rẹ̀ kò sì pọ̀ tó bí àwọn ènìyàn ti ń bẹ̀rù. Nínú ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020, ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ló tọ́ sí àgbàlagbà fún ohun tó mọ níwọ̀n bí ìrìn kánmọ́kánmọ́, tàbí ìṣẹ́jú 75 sí 150 fún ohun tó le bí eré sísá. Wọ́n fi kún un pé kí a ṣe ohun tó ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ méjì, ó kéré tán. Wọ́n sì jẹ́ kó yé wa pé díẹ̀ sàn ju òfo lọ.

Ìṣirò tèmi nìyí. Ní ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, mo máa ń lo ìṣẹ́jú 40 ní àyíká Mọ́kọ́lá, ìrìn kánmọ́kánmọ́ tó ní eré sísá díẹ̀ nínú. Òkè Ìbàdàn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nílò ẹ̀rọ ìsáré. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ sí ọjà Bódìjà, nǹkan bí ìṣẹ́jú 35. Ọkọ̀ ni mo ń wọ̀ bọ̀ nítorí ẹrù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 155. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, kẹ́ẹ̀gì omi méjì ni mo ń gbé sókè sódò nínú yàrá, mo sì ń dìde jókòó títí itan yóò fi máa gbọ̀n. N kò san kọ́bọ̀ fún un.

Ohun kan ni mo kọ̀ láti ṣe: n kò fi eré ìmárale jẹ ara mi níyà. Mo ti rí ẹni tí ọ̀gá bú lọ́sàn-án, tó lọ fi irin gbẹ̀san lára èjìká ara rẹ̀ lálẹ́, tó wá fi ọ̀sẹ̀ kan ràgó sínú ilé. Mo ti rí ẹni tó ń ka ìṣísẹ̀ lórí fóònù bí ẹni ń ka owó ọjà, tí inú rẹ̀ a bàjẹ́ bí ó bá ku igba kó pé. Ọ̀gá kan ti tó ènìyàn. Kò yẹ ká tún fi ara wa jẹ ọ̀gá kejì.

Lábẹ́ igi màǹgòrò

Ìwé kíkọ ni eré ọwọ́dilẹ̀ mi nígbà kan rí. Ní yunifásítì, ewì ni mo fi ń gbafẹ́ lẹ́yìn kíláàsì. Nígbà tó di ohun tí mo fi ń san owó ilé, ó kúrò ní eré. N kò kábàámọ̀ rẹ̀, nítorí ó ń bọ́ mi; ṣùgbọ́n àyè rẹ̀ ṣófo. Ayò ni mo fi dí i.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ télọ̀ ní ọpọ́n ayò lábẹ́ igi màǹgòrò ní àdúgbò wa. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́ mi, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ béèrè pé, “Obìnrin ń tayò kẹ̀?” Bàbá kò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, “Ẹ sún, kó jókòó. Ọmọ ayò kò mọ akọ, kò mọ abo.”

Ihò 12 ló wà lórí ọpọ́n, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò, 48 lápapọ̀. A ó kó ọmọ inú ihò kan, a ó máa sọ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú àwọn tó tẹ̀ lé e. Bí èyí tó kẹ́yìn bá sọ ilé ọ̀tá di méjì tàbí mẹ́ta, a jẹ ẹ́. Ó rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi pè mí ní ọ̀pẹ, nígbà tí Bàbá, tí wọ́n jẹ́ ọ̀ta, ń kó odù wọn jọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí kò rí mi rárá. Ẹni tó bá ń ṣírò ibi tí ọmọ ayò yóò parí sí kò ní àyè láti máa ronú oníbàárà tí kò sanwó. Ọwọ́ tó kún fún ọmọ ayò kò sì lè di fóònù mú. Ìsinmi tí mo ń rí níbẹ̀, n kò rí irú rẹ̀ lórí ibùsùn.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa ya fídíò rẹ̀, pé yóò pa owó wọlé. Mo mọ ohun tó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ti fi gbogbo wa sí ipò kí á máa wá iṣẹ́ kún iṣẹ́. Ẹni tó sọ àkàrà òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta rẹ̀ di ọjà kò ṣẹ̀. Àmọ́ kó tún wá ohun mìíràn tí kò ní iye lórí, nítorí ọjọ́ tí ọjà bá kùtà, kó lè ní ibì kan tí kò ti sí àdánù.

Ohun tí eré kò lè ṣe

Kò yẹ kí á purọ́ fún ara wa níhìn-ín. Oníbàárà kan jẹ mí lówó fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ní gbogbo àsìkò náà mo ń sáré, mo ń tayò, mo sì ń sùn dáadáa, ṣùgbọ́n owó kò wọlé. Eré ìmárale kì í gba gbèsè. Ohun tó gbà á ni ìwé tí mo kọ pẹ̀lú ọjọ́ àti iye, àti ìpè tí mo ń pè ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun láìbínú. Lẹ́yìn náà ni mo ṣe é lófin pé ìdajì owó gbọ́dọ̀ wọlé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà méjì lọ, àwọn tó kù sì ń sanwó lásìkò.

Ohun tí eré fún mi ni okun tí mo fi kọ ìwé náà láìsọ̀kò ọ̀rọ̀. Fún ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó oṣù, ó lè jẹ́ okun láti bèèrè ìsinmi tó jẹ́ ẹ̀tọ́ yín. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà fún àwọn òṣìṣẹ́ tó kàn, tí wọ́n bá ti lo oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́, ní ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ó kéré tán, pẹ̀lú owó. Ó sì lè jẹ́ okun láti wá iṣẹ́ mìíràn ní pẹ̀lẹ́. Ilé iṣẹ́ tó bá ń fi ẹ̀jọ́ jíìmù dá òṣìṣẹ́ tó ti rẹ̀ lóhùn ń sá fún ọ̀rọ̀ owó oṣù ni.

Bí ọ̀sẹ̀ bá le

Ọ̀sẹ̀ kì í rí bákan náà. Nítorí náà, mo ní òṣùwọ̀n ọ̀sẹ̀ ìrọ̀rùn, mo sì ní ti ọ̀sẹ̀ ìnira. Ní ọ̀sẹ̀ ìnira, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ àti ọpọ́n ayò kan ṣoṣo ti tó. Ohun tó bá bọ́, mo jẹ́ kó bọ́. N kò fi ti ọ̀sẹ̀ yìí kún ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí ibẹ̀ ni eré ti ń di gbèsè. Mo sì máa ń ṣe ti ara kí n tó tan fóònù láàárọ̀, torí bí oníbàárà bá ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, òun ni yóò ni òwúrọ̀ náà.

Fún ẹni tó ní ọmọ lọ́wọ́, gbogbo èyí le ju bí mo ti kọ ọ́ lọ. Ọ̀rẹ́ mi ará Ìkòròdú àti ọkọ rẹ̀ ti wá pín in báyìí: òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta jẹ́ ti ìyàwó, òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ ti ọkọ. Ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀ ló ń wẹ ọmọ, òun náà ló ń po ògì. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní àyíká ilé wọn pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀ kan. Wákàtí kan péré ni, ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé òun nìkan ni wákàtí tí ẹnikẹ́ni kì í pe orúkọ òun láti rán òun níṣẹ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ wá ìrọ̀lẹ́ kan tí ọwọ́ yín yóò dilẹ̀ ní tòótọ́. Ẹ má ya àwòrán rẹ̀, ẹ má sì ṣírò èrè rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá pè yín ní àsìkò náà, ẹ jẹ́ kó dúró díẹ̀. Yóò ṣì wà níbẹ̀ bó bá di òwúrọ̀.