Fẹ́mi Ọ̀tẹ̀dọlá: láti ìdí epo dísù dé ipò alága ilé-iṣẹ́ tó ni báǹkì

Ọ̀pọ̀ ló mọ Fẹ́mi Ọ̀tẹ̀dọlá sí olówó. Lónìí, gbèsè tó jẹ la fẹ́ sọ.

Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí ní 1962, ṣùgbọ́n ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Bàbá rẹ̀ ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó. Epo dísù ló sọ ọ́ di olówó, nípasẹ̀ ilé-iṣẹ́ Zenon. Ní 2007, ó ra African Petroleum, tó wá di Forte Oil.

Ní 2008, owó epo rọ̀bì já láti orí dọ́là 140 ó lé ní àgbá kan sí ìsàlẹ̀ 40. Dísù tó fi owó báǹkì rà ṣì wà lórí òkun. Náírà náà tún já. Ó wọ gbèsè ńlá, ó sì yọ̀ǹda ilé àti ìpín ìdókòwò rẹ̀ láti san án.

Ní 2013, ó bọ́ sídìí iná mànàmáná ní Geregu, ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Ó ta Forte Oil ní 2019. Ní 2021, ó ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tó ni First Bank, báǹkì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1894. Ní oṣù Kìíní 2024, ajigbèsè àná di alága.

Àmọ́ ó ní ilé tó lè yọ̀ǹda. Mélòó nínú wa ló ní? Kí a tó yá owó ra ọjà, ẹ jẹ́ kí tọkọtaya jọ bi ara wọn: bí owó ọjà yìí bá já, kí la máa fi san án?