Ẹ Máa Yẹ Ẹnu Ọmọ Wò: Eyín Ọdún Mẹ́fà Kò Ní Àrọ́pò

Ní Òwu-Ìsin, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá, bí eyín ọmọdé bá yọ, orí òrùlé ni yóò jù ú sí, yóò sì máa retí tuntun. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo eyín tí ń bẹ lẹ́nu ọmọdé ni ó ní àrọ́pò.

Eyín àkọ́hù ọmọ jẹ́ 20. Wọn a máa bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní nǹkan bí oṣù 6, wọn a sì pé ní nǹkan bí ọdún 3. Bí ọmọ bá tó nǹkan bí ọdún 6, eyín ńlá mẹ́rin yóò hù ní ìkángun ẹnu, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Eyín kankan kì í yọ kí wọ́n tó hù, nítorí náà ó rọrùn kí òbí má mọ̀ pé wọ́n ti dé. Eyín àgbà ni wọ́n. Bí wọ́n bá jẹrà tí a sì yọ wọ́n, òmíràn kò ní hù mọ́. Bákan náà ni mẹ́rin mìíràn tí ń hù lẹ́yìn wọn ní nǹkan bí ọdún 12.

Kòkòrò àìfojúrí inú ẹnu ni ó ń sọ ṣúgà inú súìtì, bísíkíìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò di ásíìdì tí ń jẹ eyín. Nítorí náà:

- Ẹ fi ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride fọ ẹnu ọmọ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ní àárọ̀ àti kí ó tó sùn.
- Ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan tó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3. Ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kékeré tó fún ọmọ ọdún 3 sí 6.
- Kí àgbà máa bá ọmọ fọ̀ ọ́ títí yóò fi tó ọdún 7, kí ó sì dé ìkángun ẹnu.

Ẹ wo ẹran ìdí eyín pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni àrùn noma ti ń bẹ̀rẹ̀ bí egbò, tí ó sì lè jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ọmọ ọdún 2 sí 6 tí kò rí oúnjẹ aṣaralóore jẹ ni ó sábà máa ń mú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í kún àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí ayé ti pa tì. Bí a bá tètè rí i, oògùn ń wò ó.

Bí ẹ bá rí àmì dúdú lára eyín, egbò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú tàbí òórùn ẹnu tó le, ẹ má ṣe dúró de ìrora. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín. Dókítà eyín lè dí ihò kékeré. Bí ó bá di ńlá, yíyọ ni ó lè kù. Kékeré ni a ti ń pẹ̀kan ìrókò.