Ìlú tí Wọ́n ti ń Fi Ọ̀rá Ṣe Fìlà

Ẹ jẹ́ kí àgbàdo yẹn jiná dáadáa, ẹ má kánjú yọ ọ́. Ẹ sún mọ́bí. Ẹ̀yin lẹ ń bi mí léèrè ohun tí mo máa ń wò lórí fóònù láàárọ̀ tí mo fi ń kọrin lédè tẹ́nì kan kò gbọ́ nínú ilé yìí. Ó dáa, n ó sọ ọ́ lálẹ́ òní. Kì í ṣe àlọ́ o. Kò sí Ìjàpá níbẹ̀. Ohun tí mo fojú mi rí ni, tí mo sì fọwọ́ mi kàn.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ wẹ́dà ni mo fi tọ́ àwọn òbí yín. Nígbà tí wọ́n ń kan ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní Egina, èyí tó ń gba epo lójú òkun wa, Kòríà ni wọ́n ti ń kan án, ní erékùṣù kan tó ń jẹ́ Geoje. Mo wà lára àwọn tó ti Nàìjíríà lọ síbẹ̀. Láti Geoje sí ìlú Busan kò jìnnà. Afárá àti ihò abẹ́ òkun ló so wọ́n pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mọ́tò ń gba abẹ́ òkun kọjá. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ìyanu tí mo fẹ́ sọ.

Ọjọ́ Sátidé kan ni ẹnì kan níbi iṣẹ́ mú mi lọ sí Sajik, pápá ìṣeré Busan. Béèsìbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò ju àgbálùmọ̀ lọ, ó sì le. Ẹnì kan á fi gbogbo agbára apá jù ú, ẹnì kejì á di kóńdó mú, á máa retí rẹ̀. Bó bá gbá a, eré á dé: ibùdó mẹ́rin ló máa sá yí po kó tó padà síbi tó ti gbéra, ìgbà náà ni wọ́n tó máa ka ọ̀kan fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Bó bá gbá a fò kọjá ògiri pápá, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè mú un mọ́. Á wá máa rọra sá yí i ká bí ọba tó ń wo ìlú rẹ̀. Èyí tí mo sọ yìí tó yín. Ó gbà mí tó ọdún kan kí n tó mọ ìyókù òfin rẹ̀, síbẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni ọkàn mi ti lọ.

Orin ló gbé ọkàn mi lọ. Ọkùnrin kan wà lórí pèpele níwájú èrò, ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó kẹ̀yìn sí pápá, àwa ló kọjú sí. Òun ló ń lé, àwa ń gbè. Ìlù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí agbábọ́ọ̀lù kan bá ti ń gbé kóńdó rẹ̀ bọ̀, orin tirẹ̀, tí kì í ṣe ti ẹlòmíràn, ni gbogbo èrò máa dá bolẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e bá jáde, orin á yí padà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, ọmọdé àtàgbà, kò sẹ́ni tó ń wo ìwé. Mo jókòó, mo ń wò wọ́n. Mo rántí bí ìyá mi ṣe máa ń kì mí bí mo bá fẹ́ jáde lọ ṣe ohun tó le, tí orí mi á máa wú. Oríkì ni wọ́n ń kì fún ọmọ wọn yìí! Bó bá sì gbá òfìfo, tó ń wọ́sẹ̀ padà lọ jókòó, oríkì náà kò tán. Bó bá tún jáde, wọ́n á tún kì í bíi pé ohun kan kò ṣẹlẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí náà. Ajùbọ́ọ̀lù alátakò lè dọ́gbọ́n nígbà mìíràn: dípò kó ju bọ́ọ̀lù sọ́dọ̀ ẹni tó di kóńdó mú, á yí bírí, á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó lè ká ọmọ tiwa tó ń yọ́ kúrò ní ibùdó mọ́. Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo pápá á ké lẹ́ẹ̀kan náà pé, “Má!” Mo fò dìde. Mo wẹ̀yìn, mo wá Yorùbá tó wà níbẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ Busan ni, bí ẹní ń sọ pé, “Ìwọ yìí, jáwọ́!” Ẹ wò ó bó ṣe bá tiwa mu. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ké e, ọ̀fun mi máa ń wà níwájú, torí ọ̀rọ̀ ilé ìyá mi ni mò ń sọ.

Màmá àgbàlagbà kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ yẹn. N kò gbọ́ èdè rẹ̀, kò gbọ́ tèmi. Ó ṣí páálí adìẹ díndín, ó mú itan, ó nà án sí mi, ó sì ń wò mí títí mo fi jẹ ẹ́. Nígbà tó yá, bọ́ọ̀lù kan ṣìnà wọ àárín èrò, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì hán an. Ó gbé e sókè, inú rẹ̀ ń dùn. Kíá ni gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ké mọ́ ọn: “Aju ra! Aju ra!” Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, fún ọmọdé! Ọmọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí ọmọbìnrin kékeré kan tí kò ju ìwọ yìí lọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé bọ́ọ̀lù náà lé e lọ́wọ́ méjèèjì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un ju bí wọ́n ṣe pa á fún ẹni tó gbá a.

Nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, wọ́n pín ọ̀rá fún gbogbo wa, ọ̀rá tó pọ́n bí ọsàn tó gbó. Pàǹtí ni wọ́n ní ká kó sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì kó pàǹtí. Màmá yẹn gba tèmi lọ́wọ́ mi, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ó fi wú, ó gbé e lé mi lórí, ó sì fi etí ọ̀rá náà kọ́ mi létí méjèèjì. Mo gbójú sókè, gbogbo pápá ti pọ́n. Àwọn bàbá tó wọ kóòtù, àwọn ìyá tó pọn ọmọ, gbogbo wọn fi ọ̀rá ṣe fìlà, wọ́n sì ń kọ orin ẹyẹ etíkun tó jẹ́ orin ìlú wọn. Nígbà tí eré parí, wọ́n ṣí ọ̀rá náà lórí, wọ́n kó egungun adìẹ àti agolo bíà sínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde.

Kí lo wí? Ṣé wọ́n máa ń borí? Ìbéèrè ọmọ tó ní làákàyè nìyẹn.

Ọdún 1982 ni wọ́n dá ìdíje yìí sílẹ̀ ní Kòríà pẹ̀lú ẹgbẹ́ mẹ́fà. Mẹ́wàá ni wọ́n báyìí. Lotte Giants ti Busan wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ti gba ife-ẹ̀yẹ: 1984 àti 1992. Bí wọ́n ṣe gba ti 1984 yẹn, apá ẹnì kan ṣoṣo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo rẹ̀. Choi Dong-won lorúkọ rẹ̀. Nínú àṣekágbá, ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin nínú méje ló gba ife. Apá ajùbọ́ọ̀lù kì í ṣe irin. Bó bá jù ú lónìí, ó yẹ kó sinmi fún ọjọ́ bíi mẹ́rin. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, Choi jáde nínú eré márùn-ún, òun ló sì borí mẹ́rin tí wọ́n nílò, títí kan ìkeje tí wọ́n fi fẹ̀yìn Samsung Lions balẹ̀ ní Seoul. Ó kú ní 2011, ọmọ ọdún 53. Ère idẹ rẹ̀ wà níta Sajik, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù. Èmi tí mo mọ irin, mo máa ń rọra yí i po kí n tó wọlé, mo máa ń wo apá ọ̀tún yẹn.

Lẹ́yìn 1992, kò sí mọ́. Láti 2001 dé 2004, ọdún mẹ́rin gbáko, àwọn ló gbẹ̀yìn. Ní 2008 ni Jerry Royster, ará Amẹ́ríkà, àjèjì àkọ́kọ́ tó máa ṣe olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá nínú ìdíje wọn, gbé wọn dìde, ọdún mẹ́ta léra ni wọ́n sì wọ ìdíje ìparí ọdún. Ife kò dé. Ẹ tún wo Lee Dae-ho, ọmọ Busan tí ìyá rẹ̀ àgbà tọ́ dàgbà. Ní 2010, eré mẹ́sàn-án tẹ̀ léra ni ọkùnrin yìí gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri, kò sẹ́ni tó ṣe irú ẹ̀ rí láyé. Ó lọ sí Jàpáànì, ó gba ife níbẹ̀. Ó padà sílé ní 2017, ó fẹ̀yìn tì ní 2022, kò sì gba ife kankan pẹ̀lú Busan. Síbẹ̀ pápá kún. Ìyanu tí mo ń sọ gan-an nìyẹn.

Kì í sì í ṣe onílé nìkan ló kó sí i. Bàbá kan wà, òyìnbó Amẹ́ríkà, Kerry Maher. Ó sanra, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bí òwú, olùkọ́ yunifásítì ni. Ìlú ń pè é ní Bàbá Àgbà Sajik. Àwọn ọmọ kéékèèké a máa tò láti bá a ya fọ́tò. Nígbà tó fẹ̀yìn tì tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ fẹ́ di ìṣòro, ẹgbẹ́ náà gbà á síṣẹ́ kó lè máa bá wọn tọ́jú àwọn àjèjì tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Oṣù kẹjọ 2022 ló kú, ní Busan. Ibi tó fẹ́ wà náà ló wà títí.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un, èyí tó jẹ́ pé bí mo bá rántí rẹ̀, ara mi máa ń bù máṣọ. Ní Seoul, ẹgbẹ́ LG Twins gba ife ní 1990 àti 1994. Koo Bon-moo wá di alága LG lẹ́yìn ìyẹn, ó sì fẹ́ràn ẹgbẹ́ yìí. Ó ra ọtí ìbílẹ̀ Okinawa sílẹ̀, ó ní ọjọ́ tí wọ́n bá tún borí ni wọn yóò mu ún. Ní 1998, ó tún ra aago Rolex olówó iyebíye, ó ní ẹni tó bá ta yọ jù nínú àṣekágbá tí wọ́n bá borí ni yóò ni ín. Wọ́n gbé aago sínú àpótí irin. Ọdún ń gorí ọdún. Alága kú ní 2018, aago wà níbẹ̀. Ọtí wà níbẹ̀.

Ó di 2023. Wọ́n dé àṣekágbá, wọ́n kojú KT Wiz. Ní eré kẹta, ìpele tó gbẹ̀yìn, KT ti lé méjì nínú àwọn tó ń gbá fún LG padà lọ jókòó, bí ìkẹta bá tẹ̀ lé wọn, eré parí nìyẹn, KT sì ti ní 7 sí 5. Oh Ji-hwan ló di kóńdó mú. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n gba ife àkọ́kọ́ ni. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí wọ́n ra aago yẹn. Ó gbá a. Bọ́ọ̀lù fò kọjá ògiri, mẹ́ta wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, 8 sí 7. Lọ́jọ́ 13 oṣù kọkànlá, ife dé lẹ́yìn ọdún 29. Wọ́n ṣí ọtí. Oh Ji-hwan ni aago tọ́ sí. Ó ní aago yẹn kì í ṣe ohun tí òun lè máa so mọ́ ọwọ́, kí wọ́n gbé e síbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti máa rí i. Alága tuntun fún un ní òmíràn.

Mo wà nílé yìí nígbà yẹn, LG kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ mi, ṣùgbọ́n mo sunkún. Tí tiwa náà bá máa dé, ẹ ò rí i pé kò tíì pẹ́ jù?

Eré tí mo wò kẹ́yìn ní Sajik, oṣù kẹwàá 2017 ni. Busan padà sínú ìdíje ìparí ọdún lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Àwọn àti NC Dinos ti Changwon borí ara wọn ní méjì-méjì, ìkarùn-ún ló máa dá ẹjọ́, àwa ló sì gbà wọ́n lálejò. NC nà wá 9 sí 0. Láti ìdajì eré ni gbogbo wa ti mọ̀. Mo wo màmá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun kan náà ni, ibì kan náà la máa ń jókòó. Omi wà lójú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ń kọrin. Ẹni tó jáde gbá gbẹ̀yìn fún wa, ó kì í dé òpin. Nígbà tí mo sọ fún un, lọ́wọ́ àti ní ìwọ̀nba èdè tí mo ti gbọ́, pé ọkọ̀ wa ń lọ sílé lóṣù yẹn, ó ká ọ̀rá tirẹ̀ tí kò tíì kó pàǹtí sí, ó ká a mẹ́rin, ó sì tì í bọ àpò mi.

Wọn kì í gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Ajé, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọ́ ohùn mi láàárọ̀ yìí. Ọ̀la Ìṣẹ́gun ni. Agogo mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ tiwọn, agogo mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀ ni tiwa. Fóònù ti wà lórí iná. Ìwọ tó béèrè, wọ yàrá mi, abẹ́ Bíbélì lórí tábìlì, ìwọ yóò rí i. Ṣọ́ra kó má ya o. Mú un wá. Rárá, má tíì gbé e lórí. Fẹ́ atẹ́gùn sí i ná, kó wú dáadáa. Ó tó. Sún mọ́ mi kí n fi kọ́ ẹ létí.