Ìdánwò Oró Kẹ́míkà Lára Ẹja

Láyé àtijọ́, àwọn apẹja ilẹ̀ Yorùbá a máa gún ewé wẹ́rẹ́ dà sódò kí ẹja lè léfòó. Nígbà tí Gammalin 20, oògùn kòkòrò, dé, àwọn kan fi í rọ́pò ewé. Lindane ni oró inú rẹ̀. Ní 2009 ni Àdéhùn Stockholm kà á mọ́ àwọn májèlé tí ó yẹ kí ayé pa tì.

Láti mọ bí oró bẹ́ẹ̀ ti le tó, ìlànà 203 ti àjọ OECD, tí a kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ ní 1981, ni a sábà ń tẹ̀ lé. A ó po kẹ́míkà náà mọ́ omi ní ìwọ̀n márùn-ún, ó kéré tán, tí ọ̀kan le ju èkejì lọ. Ẹja méje ni a ó fi sínú ọpọ́n kọ̀ọ̀kan. Ọpọ́n kan kò ní ní kẹ́míkà rárá. Bí ẹja inú rẹ̀ bá kú ju ẹyọ kan lọ, ìdánwò náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìwọ̀n tí ó pa ìdajì ẹja láàrin wákàtí 96 ni à ń pè ní LC50.

Irú ẹja tí a lò ṣe pàtàkì. Àrọ̀ a máa mí afẹ́fẹ́ òkè omi, nítorí náà ó lè yè níbi tí ẹpìyà ti kú.

Kí ẹnikẹ́ni ní agbègbè Odò Ọ̀tìn, bí Òkukù, má ṣe ka LC50 sí ìwọ̀n tí kò léwu. Ikú ọjọ́ mẹ́rin nìkan ni ó ń kà. Lindane a máa dúró sínú ọ̀rá ẹja tí kò kú, ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ ni yóò sì gbé e mì.