Glaçage ojú bisikíìtì: ṣúgà àti omi ti tó, ẹ fi ẹyin tútù sílẹ̀

Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ni Savalou máa ń ṣe ọdún iṣu, àwọn ọmọ ìlú á sì ti Kútọnù, Paraku àti ibòmíì wọlé. Iṣu tuntun ló ni ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé ń wá bisikíìtì tí wọ́n fi ṣúgà aláwọ̀ kọ ojú ẹ̀, àwọn ìyá kan sì ti ń fi í wá owó. Níbi tá a ti ń kọ́ àwọn tó máa di olùkọ́ náà, ó wà lára ohun tá a máa ń ṣe fún kíláàsì màtẹ́nẹ́lì: ọmọ á fọwọ́ ara ẹ̀ kọ lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹ̀ sójú bisikíìtì, á sì jẹ ẹ́. Lẹ́tà téèyàn ti jẹ, ṣé ó ṣeé gbàgbé?

Ìbéèrè kan ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń bi mí: «Madame, ṣé glaçage lè dúró láìsí ẹyin?» Ó lè dúró. Kódà lójú tèmi, bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká máa ṣe é níbí.

Ìlànà tó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì lédè Faransé ni èyí tí wọ́n ń pè ní glace royale. Wọ́n á po funfun ẹyin kan mọ́ ṣúgà lẹ́búlẹ́bú bíi giráàmù 150 sí 200, wọ́n á kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n á lù ú títí á fi ki. Ó rẹwà, mi ò ní parọ́. Tó bá gbẹ, ó máa ń le bí ẹfun, ìlà tẹ́ ẹ bá fà kì í ṣàn. Àmọ́ ẹyin tútù nìyẹn, kò sí iná tó kàn án. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní salmonella lè wà lára èèpo ẹyin, ó sì lè wà nínú ẹyin fúnra ẹ̀, kí ẹyin náà sì mọ́ tónítóní lójú. Ìgbẹ́ gbuuru, èébì, inú rírun àti ibà ló ń fà. Àgbàlagbà tára ẹ̀ le lè fara dà á fún ọjọ́ mélòó kan. Ọmọ ọdún mẹ́ta ńkọ́? Aboyún ńkọ́, àti arúgbó? Ẹ tún ronú sí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ọwọ́ wa: ó ti gun mọ́tò, ó ti gun zémìjàn, ó ti jókòó nínú ooru ọjà fún ọjọ́ tẹ́nì kankan ò kà.

Àwọn kan á ní omi ọsàn wẹ́wẹ́ ti «se» ẹyin náà. Kò sè é o. Omi ọsàn ń jẹ́ kí ìfófòó ẹyin dúró dáadáa ni, a ò lè gbọ́kàn lé e pé ó pa kòkòrò. Lílù kì í pa á. Iná ló ń pa á, ẹyin sì gbọ́dọ̀ gbóná dé ìwọ̀n 71 Celsius kọ́kàn wa tó balẹ̀. Láwọn ìlú òyìnbó, wọ́n ń ta funfun ẹyin tí wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò inú ẹ̀, tàbí èyí tí wọ́n ti gbẹ di lẹ́búlẹ́bú. Ìyẹn ò wọ́pọ̀ lọ́jà wa. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká lo ohun tó wà.

Ohun tó wà ni ṣúgà àti omi. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ohun méjì yìí tó, tí ìwọ̀n wọn bá ti pé. Omi lè yọ́ ṣúgà tó wúwo ní ìlọ́po méjì ara ẹ̀: omi giráàmù 30, ìyẹn ṣíbí ọbẹ̀ méjì, á yọ́ nǹkan bíi giráàmù 60. Tẹ́ ẹ bá wá da ṣúgà giráàmù 200 sínú omi 30 yẹn, 60 á yọ́, nǹkan bí 140 á ṣẹ́ kù tí ò ní yọ́, hóró wínníwínní tí ojú ò lè rí. Àwọn hóró yẹn ló ń jẹ́ kó funfun, àwọn ló ń jẹ́ kó ki. Bí omi bá ṣe ń fẹ́ lọ, ṣúgà tó ti yọ́ á tún dì, á so àwọn hóró náà pọ̀, gbogbo ẹ̀ á gan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń da omi látinú ife, ibí ni wàhálà yín ti bẹ̀rẹ̀. Tí omi bá ti pọ̀ débi tí gbogbo ṣúgà fi yọ́, kì í ṣe glaçage lẹ ṣe mọ́, omi ṣúgà ni, á sì máa lẹ̀ mọ́ ọmọ lọ́wọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ṣúgà fúnra ẹ̀ ò jìnnà sí wa. Nínú Collines tiwa níbí, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ni ilé iṣẹ́ ṣúgà tí Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀ wà. Èyí tí kì í sí ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù ni sucre glace, ṣúgà tí wọ́n ti lọ̀ kúnná bí ìyẹ̀fun, tó bá sì wà, ó máa ń wọ́n ju ṣúgà lásán lọ. Ẹ lọ tiyín nílé. Ṣíbí ọbẹ̀ 16 tó tẹ́jú nínú ṣúgà tí wọ́n ń fi agolo wọ̀n á fún yín ní nǹkan bíi giráàmù 200. Tó bá jẹ́ ṣúgà ẹlẹ́yọ inú páálí ni, tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì tó giráàmù 6, ẹ ka 33, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gún un wẹ́wẹ́. Ẹ lọ̀ ọ́ nínú mixeur tó gbẹ dáadáa, díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa dá a dúró kí ẹ̀rọ má baà gbóná. Tí kò bá sí mixeur, odó tó mọ́ àti asẹ́ tí ojú ẹ̀ tín-ín-rín á ṣe é, ṣùgbọ́n apá á mọ̀ ọ́n lára. Ẹ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Hóró tó bá tóbi á há sẹ́nu ihò tẹ́ ẹ fẹ́ fi kọ̀wé, ó sì máa ń ṣe ṣakaṣaka lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ sí ẹ̀rọ ìlọta àdúgbò o! Ata àná ṣì wà nínú ẹ̀. Maïzena tí àwọn ilé iṣẹ́ ń fi sí sucre glace, torí kó má baà dì nínú páálí ni. Tẹ́ ẹ bá máa lo tiyín lójú ẹsẹ̀, kò pọn dandan.

Ó ku pípò. Omi tẹ́ ẹ bá máa lò, kó jẹ́ èyí tẹ́ ẹ ti sè tó sì ti tutù, torí pé ohun tá a fẹ́ jẹ láìtún gbé e kaná ni. Ẹ lo ṣíbí tíì, kì í ṣe ife. Fún ṣúgà giráàmù 200 yẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí tíì mẹ́rin, kẹ́ ẹ pò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó fi ìkarùn-ún sí i. Ó máa kọ́kọ́ dà bíi pé omi ò tó, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn náà á rọ̀. Níbi ṣíbí márùn-ún ló ti sábà máa ń dáa fún fífa ìlà àti kíkọ lẹ́tà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tó máa tàn bo ojú bisikíìtì, ẹ fi ìkan sí méjì kún un. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí: ẹ fi ṣíbí bù ú sókè, kẹ́ ẹ jẹ́ kó ṣàn padà sínú abọ́, kẹ́ ẹ wá ka ení, èjì, ẹ̀ta. Tí ojú ẹ̀ bá tẹ́jú padà níbi ẹẹ́wàá, ó ti tó tàn. Tó bá tẹ́jú níbi ẹ̀ta, omi ti pọ̀, ẹ wá ṣúgà kún un. Ẹ lè fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ rọ́pò ṣíbí kan kó lè gé adùn ṣúgà kù. Ìyẹ̀fun wàrà náà dáa, ṣíbí ọbẹ̀ kan á jẹ́ kó funfun sí i, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi í sí i, ẹ má fi pa mọ́ pẹ́.

Fún kíkọ, ọ̀pọ̀ ń lo ọ̀rá tí wọ́n gé etí ẹ̀. Òfin ọdún 2017 ti fòfin de ọ̀rá tí kì í jẹrà ní Bẹ̀nẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé kò rọrùn láti mọ èyí tó yẹ fún oúnjẹ. Bébà tí wọ́n fi ń yan gàtóò, tẹ́ ẹ ká bíi ti ẹni tó ń ta ẹ̀pà, dáa jù. Bébà ìwé kíláàsì tí ọmọ ti kọ nǹkan sí kọ́ o, íńkì kì í ṣe oúnjẹ. Ihò kékeré ni kẹ́ ẹ gé, bí orí abẹ́rẹ́ ńlá; ó ṣeé fẹ̀ tó bá yá, kò ṣeé dín kù.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù lẹ́yìn ẹyin. Àwọn lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ kan wà lọ́jà tó jẹ́ pé aṣọ àti ẹní ni wọ́n ń fi pa láró. Wọ́n pọ́n, wọn ò wọ́n, wọn ò sì yẹ fún ẹnu èèyàn. Tí páálí ò bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó wà fún oúnjẹ (colorant alimentaire), ẹ fi sílẹ̀. Àwa náà sì ní tiwa. Ẹ wo wàgàsì pupa tí àwọn ìyá Fúlàní ń gbé wá sọ́jà: ewé ọkà bàbà pupa, ìyẹn apá tó yí igi ẹ̀ ká, ni wọ́n fi sè é tó fi pọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ fọ díẹ̀ nínú ewé gbígbẹ náà, kẹ́ ẹ sè é nínú omi ife kan títí á fi ku ṣíbí mélòó kan, kẹ́ ẹ sẹ́ ẹ. Pupa tó jinlẹ̀ lẹ máa rí. Tẹ́ ẹ bá kán omi ọsàn sí i, á máa lọ sí àwọ̀ ọsàn. Ìṣápá pupa tá a fi ń ṣe bissap náà ń ṣiṣẹ́, tiẹ̀ sì yà mí lẹ́nu ju ti gbogbo wọn lọ: omi ọsàn á jẹ́ kó pọ́n yòò, ṣùgbọ́n bicarbonate tí kò ju èyí tó lẹ̀ mọ́ orí ọ̀bẹ lọ á sọ ọ́ di elése àlùkò, á sì lè di búlúù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń gbàgbé pé glaçage la wá ṣe, wọ́n á sọ ọ́ di kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Ajó, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí curcuma, ń fúnni ní yẹ́lò. Èyí tí ìka méjì mú ti tó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á gbóòórùn ọbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ má gbàgbé: omi aláwọ̀ yìí, omi náà ni. Ẹ kà á mọ́ ṣíbí márùn-ún yẹn, ẹ má ṣe fi í lé e lórí.

Bisikíìtì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó kọ nǹkan sí i, yálà inú fúrùnù lẹ ti yan án tàbí inú ìkòkò oníyanrìn lórí èédú. Tó bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìlà á yọ́. Kajú pọ̀ ní Bantẹ̀ àti Savalou, àfọ́kù tí wọ́n ti yan, tẹ́ ẹ rún wẹ́wẹ́, tẹ́ ẹ wọ́n sórí glaçage tó ṣì tutù, dùn gan-an. Kẹ́ ẹ sáà sọ fún ẹni tó ń rà á, torí ara àwọn kan kì í gba kajú. Ní ti bọ́tà tí wọ́n fi ń ṣe òdòdó lórí fídíò, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Bọ́tà ti ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 32 sí 35 Celsius, oòrùn oṣù kẹta níbí sì máa ń ju ìyẹn lọ.

Gbígbẹ ẹ̀ wá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbà. Lásìkò ọyẹ́, ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, èyí tẹ́ ẹ fi tín-ínrín lè gbẹ ní wákàtí kan sí méjì. Oṣù kẹjọ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀. Ṣúgà máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́, tí ọ̀rinrin bá sì ti ju nǹkan bí ìdá 85 nínú 100 lọ, bó ṣe máa ń rí lẹ́yìn òjò àti lóru, ṣúgà tó ti gbẹ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Fún ọdún iṣu, ẹ má ṣe é lálẹ́ ọjọ́ kẹrìnlá kẹ́ ẹ wá tẹ́ ẹ sílẹ̀ títí di àárọ̀. Ẹ yan bisikíìtì ṣáájú, kẹ́ ẹ dé e pa, kẹ́ ẹ kọ ojú ẹ̀ láàárọ̀ nígbà tí oòrùn bá ti yọ dáadáa. Ẹ fi tín-ínrín, ẹ yọ omi ọsàn kúrò nínú ẹ̀, ẹ má fi oyin dípò ṣúgà, torí àwọn méjèèjì ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó gbẹ. Àwọ̀n ni kẹ́ ẹ fi bò ó, ìdérí ò ní jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́. Ẹ gbé ẹsẹ̀ tábìlì sínú agolo omi mẹ́rin nítorí èèrà. Ti kòkòrò oyin, tí wọ́n bá ti rí yín, ẹ gbé e wọlé, kò sí ọgbọ́n míì.

Ẹ fi ìka kan án jẹ́jẹ́ kẹ́ ẹ tó kó o jọ. Tí ìka ò bá fi àmì sílẹ̀, ẹ tò ó sínú páálí tàbí agolo, bébà láàárín ìlà kan sí ìkejì, kó má ju ìlà mẹ́ta lọ. Ẹni tó ń gbé e láti Bantẹ̀ lọ tà ní Savalou, kó gbé e lé itan, kó má so ó mọ́ ẹ̀yìn zémìjàn.