Òdòdó tí kì í rọ lè mówó wọlé l'Álímọ̀ṣọ́, àmọ́ ọ̀rinrin Èkó ni ọ̀tá rẹ̀

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù onídìrí, ilé oúnjẹ tàbí òtẹ́ẹ̀lì kéékèèké láti Ìkòtún dé Ẹgbẹ́dá àti Ìgándò, kì í pẹ́ tí ojú yín yóò fi bọ́ sára òdòdó oníke kan ní igun ilé. Lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, ó rẹwà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, eruku ti bò ó, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, oníbàárà kò sì wò ó mọ́. Òdòdó tútù ńkọ́? Ìyẹn rẹwà ju oníke lọ, ṣùgbọ́n nínú ooru Èkó, kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ó ti rọ, owó tí wọ́n fi rà á sì ti wọlẹ̀.

Láàárín méjèèjì yìí ni iṣẹ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké kò tíì fojú sí: òdòdó gidi tí wọ́n ja láti ara igi tàbí láti oko, tí wọ́n wá tọ́jú kó má baà rọ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè fi ṣe ilé àwọn èèyàn lọ́ṣọ̀ọ́, kó sì máa gbowó lóṣooṣù. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń bá òdòdó náà jà nílùú Èkó, àfàìmọ̀ kó má pàdánù owó tó fi bẹ̀rẹ̀ nínú òjò àkọ́kọ́.

Ọ̀nà méjì ló wà

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun láyé. Lẹ́yìn tí Howard Carter ṣàwárí ibojì Tutankhamun, ọba Íjíbítì, lọ́dún 1922, wọ́n bá ẹ̀yẹ òdòdó lórí pósí ọba náà, bẹ́ẹ̀ ó ti ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún lọ tí wọ́n ti sin ín. Gbígbẹ tí ilẹ̀ aṣálẹ̀ náà gbẹ ló pa wọ́n mọ́. Kí ẹ fi kókó yìí sọ́kàn, nítorí òun gan-an ni Èkó kò ní.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí wọ́n sá òdòdó títí omi ara rẹ̀ yóò fi tán. Èyí kò gbówó lórí rárá. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n fi glísárìn rọ́pò omi tó wà lára òdòdó tàbí ewé, kó lè máa rọ̀ lọ́wọ́ bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já a. Láti àwọn ọdún 1990 ni àwọn ilé-iṣẹ́ nílẹ̀ Yúróòpù ti sọ ọ̀nà kejì yìí di òwò ńlá. Lónìí, wọ́n ń ṣe irú òdòdó róòsì bẹ́ẹ̀ ní Ẹ̀kúádọ̀ àti Kòlóńbíà, àwọn ará Japan sì wà lára àwọn tó ń rà á jù.

Àmọ́ owó dọ́là ni wọ́n fi ń ra ti òkèèrè. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní iye ìjọba. Láàárín ọdún 2024, ó ti lé ní 1,500 náírà. Oníṣòwò kékeré tó bá gbára lé róòsì òkèèrè nìkan yóò máa sá tẹ̀lé dọ́là kiri ni. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ wo ohun tó wà nítòsí.

Ṣọkọ yòkòtò kì í ṣe ẹ̀fọ́ nìkan

Ohun tó wà nítòsí kò kéré. Ṣọkọ yòkòtò tí gbogbo wa ń jẹ wà lára ìdílé òdòdó tí àwọn aṣelọ́ṣọ̀ọ́ káàkiri àgbáyé mọ̀ sí Celosia. Tó bá ti tanná, ìrùkẹ̀rẹ̀ òdòdó rẹ̀ a máa gbẹ dáadáa, kì í sì í tètè já. Lójú àgbẹ̀ olẹ́fọ̀ọ́ tó ń dáko ní àkùrọ̀, ẹ̀fọ́ tó ti tanná ti gbó, ọjà rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹni tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ ilé lè bá a dúnàádúrà lórí ohun tí ìbá jù nù. Bọ́gánfílíà tó wà lára ọgbà ilé, èso òwú tó ti là, ìko, igi ọparun àti kànkàn gbígbẹ náà wúlò fún iṣẹ́ yìí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Àárọ̀ tí ìrì bá ti gbẹ ni kí wọ́n já òdòdó, nígbà tó bá ti tanná tán ṣùgbọ́n tí kò tíì máa gbọn irúgbìn. Kí wọ́n já ewé kúrò, kí wọ́n dì í ní ìdì kéékèèké pẹ̀lú rọ́bà tó ń fà, nítorí igi òdòdó máa ń sún kì bó bá ṣe ń gbẹ, okùn lásán yóò sì tú. Kí wọ́n fi orí rẹ̀ kọ́ sísàlẹ̀ nínú yàrá tó ṣókùnkùn tí atẹ́gùn ń wọ̀. Oòrùn a máa ṣí àwọ̀ rẹ̀, nítorí náà kò yẹ kí wọ́n sá a síta bí ẹni sá èlùbọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, tí igi rẹ̀ bá ti ń dá péú bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ó ti gbẹ nìyẹn.

Fún ewé tó nípọn, wọ́n lè po ife glísárìn kan mọ́ ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ méjì, kí wọ́n fọ́ ìdí igi ewé náà díẹ̀, kí wọ́n sì kì í bọ inú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Glísárìn kò ṣòro láti rí, nítorí òun náà ni àwọn tó ń po ìpara ń rà lọ́jà kẹ́míkà Ọ̀jọ́ta.

Ibi tí owó ti ń wọlẹ̀

Ìdí tí glísárìn fi wà nínú ìpara ni pé ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Àwọn tó ń ṣe òdòdó onígílísárìn sábà máa ń kìlọ̀ pé kí ọ̀rinrin inú yàrá má kọjá nǹkan bí ìdá 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Èkó, láti oṣù kẹrin dé oṣù keje, àti ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, ọ̀rinrin máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Òdòdó náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, aró ara rẹ̀ yóò máa kán sára aṣọ tábìlì. Èyí tí wọ́n sá gbẹ yóò rọ̀, yóò sì bu.

Nítorí náà, oṣù kejìlá sí oṣù kejì, nígbà ọyẹ́, ni àsìkò tó dára jù láti sá òdòdó. Èyí tó bá gbẹ, kí wọ́n kó o sínú ike tó ní ìdérí tó le, kí wọ́n fi àpò kékeré sílíkà tó ń fa omi sí i. Yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ló yẹ kí wọ́n gbé e sí, tàbí kí wọ́n fi gíláàsì bò ó. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin kì í wọ́n, ó sì yẹ kí aṣelọ́ṣọ̀ọ́ ní ọ̀kan.

Nǹkan méjì mìíràn tún wà tó yẹ kí oníbàárà gbọ́ kó tó sanwó. Èkíní, kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ má bu omi sí i láéláé. Ìkejì, ohun gbígbẹ ni, iná sì tètè máa ń ràn án. Kò gbọdọ̀ sún mọ́ àbẹ́là tàbí sítóòfù, pàápàá lálẹ́ ọjọ́ tí iná ìjọba bá lọ.

Ẹ fi háyà, ẹ má tà á tán

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kí aṣelọ́ṣọ̀ọ́ má kàn ta òdòdó kó máa lọ. Kó fi háyà. Ká ní òtẹ́ẹ̀lì kan ń ra òdòdó tútù 5,000 náírà lọ́sẹ̀ kan. Nínú ọ̀sẹ̀ 52, ó ti ná 260,000 náírà. Ká ní aṣelọ́ṣọ̀ọ́ fi òdòdó gbígbẹ háyà fún un ní 12,000 náírà lóṣù, tó sì ń wá pààrọ̀ rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. 144,000 náírà ni òtẹ́ẹ̀lì máa san lọ́dún, 116,000 náírà ṣẹ́kù sí i lápò. Aṣelọ́ṣọ̀ọ́ tó bá ní irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá ń rí 120,000 náírà lóṣù kó tó yọ owó ọkọ̀, owó ọjà àti èyí tó bàjẹ́. Àpẹẹrẹ ni iye wọ̀nyí. Kí kálukú fi iye ọjà àdúgbò tirẹ̀ ṣe ìṣirò.

Àǹfààní ńlá tó wà nínú háyà ni pé òdòdó yóò máa padà sọ́wọ́ ẹni tó mọ ìtọ́jú rẹ̀. Èyí tó bá ti ń fa omi, yóò tún un gbẹ. Èyí tí eruku bá bò, yóò fi búrọ́ọ̀ṣì múlọ́múlọ́ gbọ̀n ọ́n. Ohun tí oníbàárà ń sanwó fún gan-an ni ìtọ́jú yẹn, òdòdó fúnra rẹ̀ kò wọ́n.

Oníbàárà kò sì lè wọ́n. Ìkànìyàn ọdún 2006 sọ pé èèyàn 1,277,714 ló ń gbé ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì ní àwọn ka iye tó ju mílíọ̀nù méjì lọ. Níbi tí èèyàn bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, gbọ̀ngàn ayẹyẹ, ilé ìwòsàn aládàáni, ọ́fíìsì àti ṣọ́ọ̀bù onídìrí kò ní í tán.

Lóòótọ́, àjọ LSETF tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 2016 wà fún yíyá àwọn oníṣòwò kéékèèké lówó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ yáwó lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é sá ìdì mẹ́wàá nígbà ọyẹ́, kó gbé márùn-ún sínú yàrá tirẹ̀, kó gbé márùn-ún sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́, kó sì wò ó títí òjò oṣù kẹfà yóò fi kọjá. Èyí tó bá la òjò yẹn já ni kó gbé lọ bá oníbàárà. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.