Ẹ Ka Nọ́ńbà Ara Áńpúlù Kí Ẹ Tó Ra Bátìrì

Ní àkókò ọyẹ́ tí ó kọjá, obìnrin kan tí ó ń kọ́ ìwé kíkà lọ́dọ̀ wa ní Kétu kò wá sí kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí ó padà dé, ó ní nínú 100 òròmọdìẹ tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, 23 ti kú lóru ọjọ́ kan. Kuráǹ ló lọ ní agogo mẹ́wàá alẹ́. Ó ní bátìrì nílé, owó àjọ ni ó fi rà á, ẹni tí ó tà á sì ti fi dá a lójú pé yóò gbé iná àwọn òròmọdìẹ di òwúrọ̀. Nígbà tí yóò fi di ọ̀gànjọ́, iná ti kú. Òtútù mú àwọn ẹran náà, wọ́n ń gun orí ara wọn láti wá ooru, àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ kò sì rí èémí mí.

Bátìrì náà kò bàjẹ́ rárá. A gbé e wá sí kíláàsì, a jọ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára: 12 V, 100 Ah. Lára áńpúlù pupa tí ó ń lò, a ka 250 W. W yẹn ni wáàtì. Òun ni ó ń sọ bí áńpúlù ṣe ń jẹ agbára iná tó. Ní ti bátìrì, a sọ nọ́ńbà méjèèjì di púpọ̀: 12 lọ́nà 100 jẹ́ 1200. Ìyẹn ni gbogbo agbára inú rẹ̀ bí ó bá kún. Ṣùgbọ́n irú bátìrì olómi báyìí, bí a bá ń lò ó kọjá ìdajì, kì í pẹ́ bàjẹ́. Nítorí náà, 600 ni kí a kà sí tiwa. A pín 600 sí ọ̀nà 250, ó fún wa ní wákàtí méjì àti díẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó ń sọ agbára bátìrì di irú iná tí a ń lò nílé sì tún ń jẹ nínú rẹ̀. Wákàtí méjì péré ni ó kù.

Obìnrin náà wo ìṣirò tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sójú pátákó, ó ní: «Nọ́ńbà yìí ti wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti rà á.»

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú owó: ìmọ́lẹ̀ ni ẹ ń fẹ́ ni, tàbí ooru? Bí ó bá jẹ́ ìmọ́lẹ̀, bíi ti aránṣọ tàbí ẹni tí ń tajà lálẹ́, áńpúlù ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Áńpúlù LED tí ó jẹ́ 9 W ń tàn tó áńpúlù àtijọ́ 60 W. Bátìrì kan náà yóò gbé e fún ọ̀pọ̀ òru.

Ooru ni ọ̀ràn le sí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, òròmọdìẹ ń fẹ́ ooru tí ó tó ìwọ̀n 32 sí 35, bátìrì kì í sì í ṣe ohun tí a fi ń dá irú ooru bẹ́ẹ̀. Gúrúpù lè gbé e, bí agbára rẹ̀ bá ju àpapọ̀ wáàtì gbogbo áńpúlù yín lọ dáadáa, ṣùgbọ́n owó epo rẹ̀ lè jẹ èrè orí ẹran tán.

Ní tèmi, èédú ni mo fara mọ́. Ẹ dá a ní ìta títí èéfín yóò fi tán tí gbogbo rẹ̀ yóò sì pọ́n. Ẹ bù ú sínú ìkòkò amọ̀, ẹ fi ìdérí oníhò dé e, ẹ gbé e ka orí bíríkì, kí ẹ sì fi páànù yí i ká kí iná má baà ràn mọ́ ohun tí a tẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn òròmọdìẹ fúnra wọn. Bí wọ́n bá kó ara wọn jọ, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá jìnnà sí ìkòkò tí wọ́n la ẹnu, ooru ti pọ̀ jù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ojú fèrèsé òkè sílẹ̀ ní ṣíṣí. Èédú tí ó pọ́n àti gúrúpù ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, tí ó lè pa odindi ìdílé lójú oorun. Ìta ni ti gúrúpù, jìnnà sí fèrèsé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sùn sí yàrá tí ìkòkò èédú wà.

Obìnrin náà ti ra òròmọdìẹ mìíràn. Bátìrì rẹ̀ ti wà níbi tí ó ti ń din àkàrà lálẹ́, pẹ̀lú áńpúlù 9 W méjì. Ìkòkò amọ̀ méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn ẹran, àpò èédú kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.